Ihò Inú Ẹ̀dọ̀ Àbúrò Mi

Mi ò fẹ́ràn ìyàwó àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn ìfẹ́ ẹbí ni mo jókòó láti sọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un láti Ìrè wá sílé wa ní Ìsàn ni ara mi ti kọ̀ ọ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Ó máa ń pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ jù. Bí mo bá bú u, á ní, "Ẹ ṣé, ọkọ mi," nítorí ọkọ ni gbogbo àwa tó bá nílé jẹ́ fún un, àtọkùnrin àtobìnrin. Ẹni tí a bú tó ń dúpẹ́, kí ló wà níkùn rẹ̀? Bàbá rẹ̀ ń bọ Ògún. Àwa, ọmọ Áńgílíkà ni wá láti ìgbà bàbá tó bí bàbá wa. Èmi fúnra mi, ọdún Àjíǹde àti Kérésì ni ṣọ́ọ̀ṣì ń rí mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń wá ohun tí n ó fi nà án, mo lo ọ̀rọ̀ Ògún yẹn dáadáa.

Ìdó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di dókítà bí ara ènìyàn ṣe rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ̀dọ̀ ni mo sì mọ̀ jù. Máíkírósíkóòpù tiwa, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń ríran. Irú kejì wà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ìyẹn kò lo ìmọ́lẹ̀ rárá. Agbára iná ló ń rán gba inú ohun tí a gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá, tó sì fi ń ya àwòrán rẹ̀. A ò ní irú rẹ̀ nítòsí wa. Àwòrán tí àwọn ẹlòmíràn fi í yà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán yẹn! Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo, tí ojú lásán kò lè rí, á fẹ̀ bí àgbàlá níwájú yín. Ẹ ó rí kókó ribiti tó wà láàárín. Ẹ ó rí àwọn ilé agbára tó yí i ká, wọ́n pọ̀ bí hóró inú ìbẹ́pẹ, inú kálukú wọn sì ṣẹ́ po bí aṣọ tí a ká sínú àpótí. Àwọn awọ tín-ín-rín kan wà tó tò lé ara wọn, níbẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ti ń ba májèlé jà. Ṣúgà tó kó pamọ́ de ọjọ́ ebi wà níbẹ̀, ó wọ́n káàkiri ní dúdú dúdú. Níbi tí sẹ́ẹ̀lì méjì bá ti fara kanra, gọ́tà kékeré kan wà láàárín wọn. Inú gọ́tà yẹn ni òróòro ń ṣàn gbà.

Yorùbá ní bí inú bá ń bí ènìyàn, kó fẹ̀dọ̀ lórí òróòro. Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì. Mo máa ń ní, "Ta ló fẹ́ gbé kí ni lé kí ni? Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe òróòro. Kò sí sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ tí kò ní ìkorò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Nínú ayé mi, àbúrò mi nìkan ló lè sọ gbólóhùn yẹn sí mi kí n má gbaná jẹ. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí tó yè. Oko ni ó dúró sí, iṣu àti kòkó, ó sì mọ̀ mí ju bí mo ṣe mọ ara mi lọ.

Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ àìsàn, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí gàrí elépo, ikùn rẹ̀ sì ń wú. Mo dé Ìsàn ní Sátidé kan, mo bá ìyàwó lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣaná sábẹ́ ìkòkò àgbo.

Mo ní, "Kí lo ń fún un mu?"

"Ewé tí Màámi fi hàn mí kí wọ́n tó kú ni, Àǹtí. Wọ́n ní òun ni wọ́n fi ń wo ibà apọ́njú nínú ilé yìí."

Mo ta ìkòkò náà nípàá. Àgbo dà sínú iná, ó hó ṣìì. Mo ní irọ́ ló ń pa mọ́ ìyá mi tó ti kú, mo ní ẹ̀dọ̀ ènìyàn kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ tí olúwarẹ̀ á kàn máa da ewé sí. Ó kúnlẹ̀ sínú eérú tó tutù náà, ó ní, "Ẹ ṣé, ọkọ mi." Àbúrò mi pariwo láti inú yàrá, "Àǹtí mi, ẹ fẹ̀dọ̀ lórí òróòro o!"

Láti ọjọ́ yẹn ló ti dá mi lójú pé obìnrin yẹn ń pa á. Ẹ má bi mí pé kí ni mo rí. N kò rí nǹkan kan. Mo kàn mọ̀ ọ́n ni, bí ẹni tó kórìíra ènìyàn ṣe máa ń mọ nǹkan.

Mo mú àbúrò mi wá sí Ìdó. Ní ọjọ́ Fúráìdè kan, dókítà obìnrin kan fi abẹ́rẹ́ gígùn fa díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ síbi àyẹ̀wò tí gbogbo ayé ń ṣe, tí yóò gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí èsì rẹ̀ tó jáde. Mo bẹ dókítà títí ó fi fún mi ní èyí tí kò tó ẹyọ ìrẹsì kan. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo rẹ ẹ́ sínú omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran ara yí padà, mo dé e pa. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ wà ní ìlú kan tó jìnnà sí wa, máíkírósíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbà láti bá mi wò ó. Kì í ṣe ìwòsàn ni mo ń wá. Ẹ̀rí ni mo ń wá. Mo fẹ́ rí májèlé ìyàwó yẹn pẹ̀lú ojú ara mi.

Awakọ̀ tí yóò gbé e lọ kò ní kúrò ní Ọ̀yẹ́ títí di àárọ̀ Mọ́ńdè. Iná kò sí ní ibi iṣẹ́ wa láti ọjọ́ kẹta, ẹ̀rọ amúnáwá sì ti dákẹ́. Ìyàwó, tó tẹ̀ lé wa wá, ní ọ̀rẹ́ kan ní Ọ̀yẹ́ tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti omi inú ọ̀rá, tó ń lo iná sólà. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Mo gbé ìgò kékeré náà lé e lọ́wọ́ bí ẹni ń gbé ọmọ fún olè.

Mo ní, "Gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ. Kó tutù títí di Mọ́ńdè, kí o wá gbé e fún awakọ̀."

Ó wo ìgò náà, ó wò mí. "Ṣé kó tutù gan-an ni, Àǹtí?"

"Àbí o ò gbọ́ Yorùbá ni? Mo ní kó tutù! Kó tutù dáadáa! Àbí o fẹ́ kó jẹrà kí àṣírí má baà tú ni?"

"Rárá o. Ẹ ṣé, ọkọ mi." Ó fi gèlè wé ìgò náà, ó sì lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìbéèrè tó bi mí yẹn sọ́kàn.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn fọ́tò náà wọlé sórí fóònù mi. Ọ̀gá mi kọ ọ́ sísàlẹ̀ wọn pé, "Mo ṣì ń yẹ̀ wọ́n wò. Má tíì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni." Mo ṣí àkọ́kọ́. Ihò. Mo ṣí ìkejì. Ihò lójú ihò. Àwọn awọ tí mo ti ń fi hàn ní kíláàsì láti ogún ọdún ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, àwọn ilé agbára ti bẹ́, gọ́tà òróòro kò ṣeé dá mọ̀ mọ́. Ó yẹ kí n béèrè ohun tó lu wọ́n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá gbé irú fọ́tò yẹn wá, ohun tí n ó kọ́kọ́ béèrè ni pé, báwo lo ṣe tọ́jú ẹran náà kó tó dé ibi ẹ̀rọ? Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ń bínú, n kò ríran. Ẹ̀rín ni mo rín. Ẹ gbọ́ o: fọ́tò ẹ̀dọ̀ àbúrò mi tó fọ́ yángá ni mo ń wò, mo sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo ti mú un.

Mo tẹ ọ̀kan sórí páálí ńlá. Ní Sátidé, mo gbé e lọ sí Ìsàn, níbi tí àbúrò mi ti padà sí. Bàbá wa kékeré, àbúrò bàbá wa, tó jẹ́ olórí ẹbí àti àgbà ìjọ, ti pe gbogbo wọn jọ sí pálọ̀. Àbúrò mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá kejì, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ìyàwó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri.

Mo gbé páálí náà dúró lórí àga. Mo ní, "Ẹ wo ihò! Ẹ̀dọ̀ ọmọ yín nìyí, ó rí bí asẹ́. Májèlé ló ń lu ẹ̀dọ̀ báyìí. Ẹ bi ẹni tó ń sè fún un."

Kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń wò. Wọ́n kàn rí dúdú àti funfun àti ihò. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kàwé, ọ̀rọ̀ sì parí. Bàbá kékeré wá mi orí, ó ní, "Ọmọ mi fi ẹ̀rọ wò ó. Kí la tún ń wá?"

Ìyàwó dìde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kó jáde síta. "Ẹ gbé irin wá. Ọ̀bẹ ni, àdá ni, ohunkóhun tó bá ṣáà ti jẹ́ irin. N ó fẹnu kàn án. Bí mo bá fún ọkọ mi ní májèlé, kí Ògún má dá mi sí."

Bàbá kékeré fi ọ̀pá na ilẹ̀. "A kì í búra Ògún nínú ulé yìí! Ulé onígbàgbọ́ ni!"

Èmi ní tèmi, mo na ìka sí páálí. Mo ní, "Irin tèmi ti sọ̀rọ̀. Ìwọ lọ búra fún bàbá rẹ ní Ìrè."

Àbúrò mi ń pè láti yàrá, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ gan-an. "Àǹtí mi, ẹ fẹ̀dọ̀ lórí òróòro. Ẹ má lé ìyàwó mi. Àǹtí mi." Mo lọ ti ìlẹ̀kùn yàrá yẹn. Èmi ni mo tì í, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, wọ́n ti di báàgì rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ó kúnlẹ̀ fún gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, ó ní, "Ẹ ṣé, ọkọ mi." Inú mi dùn dé ìdí.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá mi pè mí. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ta ló fi nǹkan yìí sínú fíríísà?"

Mo ní, "Kí lẹ wí, sà?"

"Mo ní ó dì. Omi inú sẹ́ẹ̀lì di yìnyín, yìnyín ló ya gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. N kò rí ẹ̀dọ̀ wò rárá, ihò tí yìnyín dá sí i ni mo ń wò. Fíríìjì ni, kì í ṣe fíríísà! Ìwọ tí o ń kọ́ àwọn ọmọdé! Ta ló bà á jẹ́?"

Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi. Mo fẹ́ ní, "Ìyàwó àbúrò mi ni, sà, òpè ni." Ẹnu mi ti là. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ yẹn padà: ṣé kó tutù gan-an ni, Àǹtí?

Ẹ bá mi rò ó. Omi inú àmù, ó tutù. Ọyẹ́ òwúrọ̀, ó tutù. Ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò, tútù ni. Omi inú ọ̀rá tó ti gan pa bí òkúta nínú fíríísà ọlọ́tí, bí o bá bi oníbàárà, á ní, ó tutù gan-an, á sì yìn ín. Tutù kan náà ni. Ní kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń sọ ọ́, òfin náà sì gún régé: èyí ni kí o ṣe, èyí ni kí o má ṣe. Nígbà tó kan ìyàwó ilé wa, mo fún un ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo àti èébú. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tó. Ó béèrè ibi tí òtútù náà yóò dé. Èmi ni mo bi í pé ṣé kò gbọ́ Yorùbá.

Mo ní, "Èmi ni, sà." Ó pa fóònù.

Ẹ ó rò pé mo gbéra lọ sí Ìrè lọ́jọ́ kejì. Rárá o. Mo gbé e mì. Mo ń sọ fún ara mi pé ìyẹn kò ní kó máà jẹ́ òun, pé fọ́tò tó bàjẹ́ kò dá ẹnikẹ́ni láre. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo wá ń tọ́jú àbúrò mi fúnra mi. N kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọbẹ̀ mi máa ń ní iyọ̀ jù, ọwọ́ mi le bí mo bá ń yí i padà. Ní àràárọ̀, á bi mí, "Ìyàwó mi ńkọ́?" Mo máa ń ní, "Ó ń bọ̀." Kò tún sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ àti òróòro sí mi mọ́. Mo ń retí rẹ̀, kò sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni èsì àyẹ̀wò ti gbogbo ayé jáde. Dókítà pè mí sí Ìdó. Ó ní kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ ni, hẹpatáítìsì. Ó ní ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, nítorí ìyá máa ń kó o ran ọmọ nígbà ìbí. Mo béèrè ọ̀rọ̀ àgbo. Ó ní àgbo kò ṣe é lóore, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dá ọgbẹ́ yìí sílẹ̀. Ó wá wò mí, ó ní, "Ṣé ìyá kan náà ló bí yín? Ẹ na apá yín."

Kò pẹ́ rárá tí tèmi fi jáde. Ó wà lára mi. Ohun tí mo ti ń wá kiri nínú ìkòkò ọmọ ọlọ́mọ, inú ẹ̀jẹ̀ mi ló wà.

Ọjọ́ kejì ni mo gun ọ̀kadà láti Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìrè. Ó wà níwájú ilé bàbá rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gẹ́. Bàbá rẹ̀ pariwo pé kí n dìde, pé ọkọ kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó. N kò dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀: yìnyín, kòkòrò, ìyá wa, èmi.

Ọ̀bẹ rẹ̀ kò dúró. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ti sọ ọ́ ní pálọ̀?"

Mo ní mo rò pé kí n kọ́kọ́ wá bá òun ná, kí a yanjú rẹ̀ láàárín ara wa.

"Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti bú mi. Bí mo bá ti gbọ́ pé ẹ sọ ọ́, n ó dé."

Inú bí mi, ẹ má tan ara yín. Èmi kúnlẹ̀ fún ìyàwó tó bá mi nílé, ó ní kí n padà lọ! Mo bú u ní gbogbo ojú ọ̀nà títí mo fi dé Ìsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, àbúrò mi yí orí sí ẹnu ọ̀nà, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan ń bọ̀. Kò sí ẹnìkan. Ó yí orí rẹ̀ padà sí ògiri.

Sátidé náà, mo ní kí Bàbá kékeré pè wọ́n jọ. Ó ti gbọ́ díẹ̀, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kò tó bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. A ó ránṣẹ́ pè é jẹ́jẹ́. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa fi uṣẹ́ rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Fẹ̀dọ̀ lórí òróòro."

Mo lọ sí ilé ìdáná, mo mú ọ̀bẹ tí ìyàwó fi ń gé ẹ̀fọ́. Mo dúró níbi tí mo ti gbé páálí dúró sí, mo fẹnu kan irin náà lójú gbogbo wọn. Òórùn àlùbọ́sà wà lára rẹ̀. Mo ní, "Irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo ní kó tutù, ó ṣe é kó tutù. Yìnyín lẹ rí. Àrùn yìí, ọ̀dọ̀ ìyá wa ni, ó wà lára èmi náà. Ìyàwó wa kò ṣe nǹkan kan." Bàbá kékeré dìde, ó jáde. Títí di òní, bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í dá mi lóhùn ìkíni. Ó ní mo bọ Ògún nínú ilé bàbá òun.

Ìyàwó dé kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn. Kò wo ojú mi. Ó wọlé tọ ọkọ rẹ̀, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Àbúrò mi lò tó oṣù kan sí i, ọwọ́ ìyàwó ló sì kú sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi gba obìnrin yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, nínú ìwọ̀nba tó kù fún un láyé. Kò sí ẹ̀rọ tó lè dá a padà.

Mo ń lo oògùn tèmi báyìí, oníhóró kan lójúmọ́. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀dọ̀. N kì í fi òróòro ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ní Sátidé Sátidé, mo máa ń lọ kí ìyàwó ní Ìsàn, nítorí inú ilé yẹn ló ṣì wà, oko ọkọ rẹ̀ ló sì ń ro. Kò tíì dárí jì mí, n kò sì tíì fẹ́ràn rẹ̀. A jọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Á gbé àga fún mi. Á wọlé lọ bu omi wá. Á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà sókè, á wo ojú mi tààrà, ohun kan náà ni á sì sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Ẹ gbà, ọkọ mi. Ó tutù. Kò dì."